Kọnkéré mi yege nínú àyẹ̀wò, kí ló dé tí wọ́n ṣì ní òpó náà tínrín jù?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mò ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́wọ́ ní apá Òkè-Baálẹ̀ níhìn-ín ní Òṣogbo, iṣẹ́ sì ti dé orí dẹ́kìn àkọ́kọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan wà níwájú ilé náà tí àjà rẹ̀ ga dé òkè pátápátá. Òpó méjì ni yóò gbé e, òpó kọ̀ọ̀kan yóò sì gbéra láti ìpìlẹ̀ lọ tààrà sókè ní nǹkan bíi mítà 6, láìsí bíìmù kankan tí yóò fara kàn án láàárín. Ọ̀gá bírìkìlà wa ní íǹsì mẹ́sàn-án níbùú lóròó ni òun yóò dà á, ìyẹn mìlímítà 225 sí 225, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òpó yòókù nínú ilé náà rí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó mọ̀ nípa àwòrán ilé wá wo iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní òpó náà yóò tínrín jù fún gíga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, nítorí pé a ti gbé àpẹẹrẹ kọnkéré wa lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí a dà á, ó sì gba níútọ̀n 25 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọ́. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: bí a bá sọ 225 di ìlọ́po 225, tí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po 25, a óò ní nǹkan bíi kílóníútọ̀n 1,265, èyí tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 120 lórí òpó kan ṣoṣo. Àjà ibi ìgbọ́kọ̀sí náà gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 3, ó sì nípọn ní mìlímítà 150, nítorí náà kò lè wúwo ju tọ́ọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Kódà bí a bá fi bíìmù, ògiri kúkúrú etí rẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí yóò dúró lórí rẹ̀ kún un, kò lè kọjá tọ́ọ̀nù 12. Tọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ni yóò kan òpó kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìṣirò yìí kò rí? Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ ṣáájú, kí a tó da kọnkéré, pé òpó kan yóò dúró lábẹ́ ẹrù tí ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè?

Ẹnjiníà Ògo-Olúwa:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Ìṣirò tí ẹ ṣe tọ̀nà ní ti ohun tí ó ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀n, èyíinì ni ìwọ̀n ẹrù tí yóò rún kọnkéré bí a bá tẹ̀ ẹ́ tààrà láti òkè. Òpó ní ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbà wó, tí kọnkéré rẹ̀ kò sì ní tíì súnmọ́ rírún rárá. Bí òpó bá gùn tí kò nípọn, ẹrù orí rẹ̀ lè mú kí àárín rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àárín bá ti yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹrù náà kò jókòó sórí ìlà òpó mọ́. Yóò wá máa fi ìwúwo rẹ̀ tẹ òpó náà síwájú sí i, títẹ̀ náà yóò sì tún mú kí ẹrù túbọ̀ jìnnà sí ìlà. Àwọn méjèèjì yóò máa ti ara wọn báyìí títí òpó yóò fi dá lójijì. Ìdí nìyí tí irú ìwó yìí fi ń bà mí lẹ́rù ju èyíkéyìí lọ, nítorí pé òpó tí ó fẹ́ rún sábà máa ń sán, a sì ń rí i, ṣùgbọ́n èyí tí ó fẹ́ yẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ títí di ìgbà tí ẹrù díẹ̀ sí i bá gorí rẹ̀.

Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ẹ fi ìdí rẹ̀ lé orí tábìlì, kí ẹ sì fi ìka tẹ orí rẹ̀: wẹ́rẹ́ ni yóò tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ wá gé e kù ní ìwọ̀n íǹsì kan, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Yóò gún yín níka kí ó tó tẹ̀. Àpẹẹrẹ kọnkéré tí ẹ gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò ga ní mìlímítà 150, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 150. Ohun tí gíga rẹ̀ kò ju ìbú rẹ̀ lọ kò ní bí ó ṣe lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, rírún nìkan ni ó kù fún un. Gíga òpó tiyín, ní ìdàkejì, ju ìlọ́po 26 ìbú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1729, Pieter van Musschenbroek, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, tẹ́jú mọ́ ìdánwò lórí àwọn ọ̀pá igi, ó sì rí i pé bí gígùn ọ̀pá bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tí yóò tẹ̀ ẹ́ yóò já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 1744 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, gbé ìṣirò tí ó ṣàlàyé rẹ̀ jáde, òun náà sì ni a ṣì ń fi bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó wọ inú ìṣirò Euler ni bí ohun tí a fi ṣe òpó ṣe ń kọ títẹ̀ tó, bí a ṣe pín in ká ojú-ìgé òpó náà (ojú tí à ń rí bí a bá gé òpó lábùú), bí òpó ṣe gùn tó, àti bí a ṣe di orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Níútọ̀n 25 tí ilé àyẹ̀wò kọ fún yín kò sí nínú rẹ̀ níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún irin: irin tí ó lágbára gan-an àti irin gbẹ̀fẹ́ kọ títẹ̀ bákan náà, ní nǹkan bíi níútọ̀n 200,000 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin, nítorí náà bí ọ̀pá méjèèjì bá gùn tí wọ́n sì tínrín bákan náà, ẹrù kan náà ni yóò yẹ̀ wọ́n. Owó tí ènìyàn bá fi kún sìmẹ́ńtì kí kọnkéré lè le sí i kò ní ran òpó tó tínrín lọ́wọ́ tó bí ó ṣe rò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú òpó náà kúrò ní 225 lọ sí 300, kọnkéré tí ẹ óò lò kò ní tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, agbára rẹ̀ láti kọ títẹ̀ yóò sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Bí a ṣe di orí àti ẹsẹ̀ mú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò. Ẹ jẹ́ kí a fi òpó tí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè yí díẹ̀, ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá rì orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ kọnkéré gbọn-in tí wọn kò lè yí rárá, yóò gbé ìlọ́po mẹ́rin ẹrù náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni a rì, tí orí rẹ̀ wà gbalaja nínú afẹ́fẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò lè gbé. Òpó kan náà ni, irin kan náà, kọnkéré kan náà, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó dára jù àti èyí tí ó burú jù jẹ́ ìlọ́po 16.

Fún òpó kọnkéré, ìlànà BS 8110, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa tì láti 2010 ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà ṣì ń lò, máa ń bèèrè lọ́wọ́ wa pé: ṣé ohun kan wà nínú ilé náà, bí ògiri tí ó dúró gbọn-in, tí kò ní jẹ́ kí orí òpó yìí rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́? Bí ó bá wà, òpó tí gígùn tí a ń ṣírò fún un (èyí tí ó lè dín díẹ̀ sí gíga rẹ̀ gan-an tàbí kí ó jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe di orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú) kò tó ìlọ́po 15 ìbú rẹ̀ ni a kà sí kúkúrú. Bí kò bá sí, kò gbọdọ̀ tó ìlọ́po 10. Nínú ìṣirò yìí, òpó 225 tí ó ga ní mítà 3 nínú ilé yín wà ní nǹkan bíi ìlọ́po 12, ara rẹ̀ yá. Èyí tí ó ga ní mítà 6 jẹ́ ìlọ́po 24, kódà bí a bá ní orí rẹ̀ kò lè rìn. Irú òpó bẹ́ẹ̀, ìlànà náà ní kí a ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé àárín rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà 65, kí a sì fi irin tí yóò lè gba ìtẹ̀sí náà sínú rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá lè rìn, iye náà lè di mìlímítà 205, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú òpó náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé òpó 225 kò lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́fà ní gíga yẹn láéláé. Bí àjà ibi ìgbọ́kọ̀sí bá so mọ́ ara ilé dáadáa, tí irin òpó náà sì péye, ìṣirò lè gbà á. Bí kò bá so, èmi kò ní fọwọ́ sí i. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni kí ẹ mú bíìmù kan jáde láti dẹ́kìn àkọ́kọ́ wá di òpó kọ̀ọ̀kan mú ní mítà 3, kí òpó gígùn kan di òpó kúkúrú méjì. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí bíìmù ba ẹwà ojú ilé jẹ́, ẹ sọ òpó di 300, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀ ya irin rẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bí àjà náà ṣe so mọ́ ilé.

Káfíńtà Ìgbọ̀nà:

Ẹnjiníà ti sọ̀rọ̀ lórí òpó, n óò fi ọ̀rọ̀ tèmi lé e lórí ohun tí yóò gbé àjà náà kí òpó tó lè gbé e. Àjà tí ó ga ní mítà 6 nílò igi ìdúró tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ pákó, ó sì ṣòro láti rí ọparun tàbí igi ọjà kan tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó tún nípọn tí ó sì tọ́. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni kí wọ́n fi ìṣó àti okùn so ọparun méjì pọ̀ láàárín. Ibi ìsopọ̀ yẹn wá di oríkèé, ní àárín gbùngbùn níbi tí igi ti máa ń yẹ̀ jù lọ. Bí ó bá di dandan kí ẹ so igi pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìsopọ̀ gbogbo wọn wà ní ipele kan náà, ẹ fi pákó gígùn méjì gbá ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì rí i pé igi ìdábùú gba ìdí ìsopọ̀ náà kọjá.

Igi ìdábùú ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí. Ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà méjèèjì, láti iwájú sí ẹ̀yìn àti láti ọ̀tún sí òsì, nítorí pé igi tí a dì mú ní ọ̀nà kan yóò yẹ̀ sí ọ̀nà kejì. Ó sì gbọ́dọ̀ parí sára ohun tí kò lè mì, bí ògiri ilé tàbí òpó tí ó ti gbó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kan igi ìdábùú mọ́ gbogbo igi ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì sí èyí tí ó kan ògiri nínú wọn. Gbogbo wọn ni ó dì mọ́ ara wọn, gbogbo wọn ni ó sì lè yẹ̀ pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kan èyí tí ó dá gẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ igi kan dé òkè igi kejì kún un, òun ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ fì.

Ẹ wo ẹsẹ̀ igi náà pẹ̀lú. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ da kọnkéré, ilẹ̀ pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dí ìpìlẹ̀ yóò rọ̀, igi yóò sì máa wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ pákó fífẹ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ fi igi ṣóńṣó méjì tí ó dojú kọ ara wọn há wọn le, kí ẹ sì tún fi ọwọ́ mì wọ́n yíká ní òwúrọ̀ kí àwọn tí ń ru kọnkéré tó gòkè.

Ọmọ Olúòde:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ṣùgbọ́n mo lè ka ilé tí ó ní òpó gíga tínrín níwájú lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Òkè-Fìà tí ọwọ́ mi yóò kún, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń dẹ́rù ba arákùnrin yìí kí ó lè náwó sí i ni?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Àjà náà so mọ́ ara ilé ní ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, níbi tí irin rẹ̀ yóò ti wọ inú bíìmù orí ògiri iwájú. Ó yẹ kí n fi kún un pé a fẹ́ gbé táńkì omi lítà 2,000 lé igun iwájú rẹ̀ lápá òsì, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ga jù tí omi yóò fi ṣàn dáadáa. Irin mẹ́rin tí ó nípọn ní mìlímítà 16 ni bírìkìlà fẹ́ fi sínú òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ń di ríǹgì, ìyẹn irin tín-ín-rín tí ó yí wọn ká, mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé kí irin má baà tú ká nígbà tí a bá ń da kọnkéré nìkan ni ríǹgì wà fún. Ṣé mo lè dín in kù kí n fi owó rẹ̀ sọ òpó di 300?

Ẹnjiníà Ògo-Olúwa:

Ẹ má ṣe dín ríǹgì kù. Ó yẹ kí ẹ fi kún un ni. Ohun tí a ń sọ nípa òpó ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí irin kọ̀ọ̀kan nínú òpó náà. Irin mìlímítà 16 tí ó dúró lóòró nínú òpó ń ru ẹrù láti òkè, òun náà jẹ́ òpó tínrín kan, ó sì fẹ́ yẹ̀ jáde síta. Kọnkéré tí ó bò ó níta kò nípọn ju íǹsì kan tàbí díẹ̀ sí i lọ, kò lè dá a dúró. Ríǹgì ni ó ń fà á mọ́ inú. Ìlànà tí mo mẹ́nu bà ní àlàfo ríǹgì kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po 12 ìnípọn irin òpó tí ó kéré jù lọ. Fún irin 16, mìlímítà 192 nìyẹn, kò tó íǹsì mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ irin 12 ni, mìlímítà 144 ni, kò tó íǹsì mẹ́fà. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mìlímítà 305. Ríǹgì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tínrín ju mìlímítà 6 tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin irin tí ó nípọn jù lọ, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀: kí bírìkìlà tẹ orí méjèèjì wọnú àárín òpó, kí wọ́n kọ́ irin náà mọ́ra, dípò kí wọ́n kàn pàdé ní igun.

Ní ti táńkì, omi lítà 2,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì. Òpó apá òsì nìkan ni yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹrù náà kò sì ní jókòó sí àárín òpó, ìyẹn ni pé ẹ óò ti bá òpó bẹ̀rẹ̀ títẹ̀ kí ó tó di pé òun fúnra rẹ̀ yẹ̀. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ lu táńkì náà níbi gíga yẹn yóò sì máa tì í. Pẹ̀lú àjà tí ó so ní ẹ̀yìn nìkan, ẹ gbé táńkì náà lọ sí orí igun ilé tí ògiri méjì ti pàdé, tàbí kí ẹ ṣe ìdúró irin fún un lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbé táńkì kúrò, tí irin ẹ̀yìn àjà náà sì wọ bíìmù ilé dáadáa bí ẹ ṣe sọ, ara ilé yóò di orí òpó mú. Mo ṣì fẹ́ bíìmù ní mítà 3 tàbí òpó 300.

Ọmọ Olúòde, ẹ kò ṣìwí pé àwọn ilé wọ̀nyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ìdúró wọn kò sọ fún wa bí ààlà ṣe jìnnà sí wọn tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ògiri búlọ́ọ̀kù kan fi ẹ̀gbẹ́ ti òpó wọn láìsí ẹni tí ó ṣírò rẹ̀, ọjọ́ tí onílé bá sì wó ògiri náà kí ó lè rí àyè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ni òpó yóò tó di gígùn. Iye owó tí a ń sọ níhìn-ín náà kò tó ohun tí ẹ̀rù ń bà yín sí.

Káfíńtà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi iye sí ohun tí ẹ sọ. Igi íǹsì méjì sí mẹ́ta tí ó tọ́ geere, tí ó ga ní mítà 3, lè gbé nǹkan bíi kílóníútọ̀n 7 kí ó tó yẹ̀, ìyẹn bíi kílò 700. Bí ó bá ga ní mítà 6 tí a kò dì í mú láàárín, kò lè gbé tó kílò 180. Kọnkéré tútù tí ó nípọn ní mìlímítà 150 nìkan, bí igi ìdúró bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 90, yóò gbé nǹkan bíi kílò 300 lé igi kọ̀ọ̀kan, láì tíì ka pákó, bárò àti àwọn òṣìṣẹ́. Ìdábùú ní mítà kan àti ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé igi kan náà dé nǹkan bíi kílò 2,700 nínú ìṣirò, èyí tí ó fún wa ní àyè fún igi tí ó wọ́ díẹ̀ àti fún igi tí ó ní kókó.

Wẹ́dà Òkè-Fìà:

Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ìdúró irin fún táńkì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tà yín ní irin tí inú rẹ̀ dí nítorí pé ó wúwo lọ́wọ́. Irin róbótó tí inú rẹ̀ dí, tí ó nípọn ní mìlímítà 40, àti páìpù tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 80 tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà márùn-ún ó lé díẹ̀, irin kan náà ni wọ́n jẹ lórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n páìpù náà kọ títẹ̀ ní ìlọ́po méje ti irin róbótó, nítorí pé irin rẹ̀ jìnnà sí àárín. Ẹ má kàn lọ ra páìpù tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí agolo, nítorí ìyẹn yóò kọ́kọ́ wọnú níbì kan kí gbogbo rẹ̀ tó tẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó dúró lásán láìsí irin ìdábùú ni mo máa ń rí jù káàkiri ìlú yìí. Kí ẹ fi irin tí ó dá gẹ́rẹ́, tí ó gba ara rẹ̀ kọjá bí àgbélébùú, sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú kan sílẹ̀ kí ènìyàn lè máa gbabẹ̀ kọjá, kí ẹnjiníà mọ̀ kí ó tó yan páìpù. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó ní irin pẹlẹbẹ tí a fi bóòtì dè mọ́ kọnkéré. Mo tún máa ń rí ìpata níbi tí páìpù ti wọ ilẹ̀, ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ láìjẹ́ pé onílé mọ̀, nítorí náà kí kọnkéré ìdí rẹ̀ yọ sókè ju ilẹ̀ lọ kí omi má baà dúró síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín kàn mí. Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní òpó kan níwájú tí ó dà bí ẹni pé ó wọ́ díẹ̀ láàárín. Àwọn kan ní láti ìgbà tí wọ́n ti dà á ni ó ti wọ́, àwọn kan ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Ẹnjiníà Ògo-Olúwa:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ilé. Ìyàtọ̀ tí ẹ bèèrè yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Òpó tí pákó rẹ̀ wọ́ nígbà tí a ń dà á kò dára, ṣùgbọ́n ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Èyí tí ó ń wọ́ sí i ń sọ fún yín pé ẹrù rẹ̀ ti súnmọ́ agbára rẹ̀.

Kí ẹ ra okùn tín-ín-rín tí àwọn bírìkìlà ń lò. Kí ẹnìkan di í mú ṣinṣin mọ́ orí òpó, kí ẹlòmíràn fà á le mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí òpó ti fi ikùn wọ inú, kí ẹ sì fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti ara òpó ní ìdajì gíga rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú méjì tí ó fi igun kan ara wọn, nítorí pé òpó lè wọ́ sí ọ̀nà tí ojú yín kò lọ. Ẹ fi kálámù kọ iye náà àti ọjọ́ rẹ̀ sára òpó. Ẹ wo bóyá ó sán ní ẹ̀gbẹ́ tí ó yọ síta, kí ẹ sì wo bóyá kọnkéré ń bó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá gbé ohunkóhun tuntun gun orí àjà náà.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kíkọ iye náà sílẹ̀. Ní Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n ń kọ́ afárá irin ńlá kan sórí odò St. Lawrence ní 1907. Àwọn irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ń ru ẹrù ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rí i, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti wọ́ tó íǹsì méjì. Wọ́n ń jiyàn láàárín ara wọn bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, iṣẹ́ sì ń lọ, ẹrù sì ń pọ̀ lórí rẹ̀. Theodore Cooper, ẹnjiníà àgbà tí ó wà ní New York, fi wáyà ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹrù kankan kún un mọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ni afárá náà wó, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí àwọn tí ó wà lórí rẹ̀, ènìyàn 75 sì kú. Àwọn irin kéékèèké tí ó yẹ kí ó di irin ńlá náà pọ̀ kí ó má baà yẹ̀ ni kò lágbára tó.

Nítorí náà, bí iye tí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì bá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ má ṣe dúró kí ẹ tó wọ̀n ẹ̀kẹta. Ẹ kó ohun gbogbo tí ó ṣeé kó kúrò lórí àjà náà lọ́jọ́ kan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn tàbí kí ó jókòó lábẹ́ rẹ̀, kí káfíńtà tí ó mọṣẹ́ fi igi ìdúró tí ó ní ìdábùú gbé bíìmù ró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpó náà, kí ẹnjiníà sì wá wò ó níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bírìkìlà kan rẹ́ ẹ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì kí ó lè tọ́ lójú kí a tó wò ó, nítorí pé gbogbo ohun tí òpó náà fẹ́ fi hàn wá ni yóò bò mọ́lẹ̀.